Etí Odò Ni Màmá Delfina Tarver Longoria Ní Kí A Sin Àwọn Sí

A bí Màmá wa, Delfina Tarver Longoria, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1935, ní oko Tarver létí odò Rio Grande, ní apá ti Texas. Doña Chole, agbẹ̀bí gbogbo etí odò náà, ló gbẹ̀bí wọn. Leandro Tarver, àgbẹ̀ alálùbọ́sà, ni bàbá wọn. Eufemia ni ìyá wọn. Kí Màmá tó dákẹ́, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwa ọmọ: kí a sin àwọn sí itẹ́ òkú ìdílé wa létí odò, níbi tí Ismael àbúrò wọn, tó wà ní Mexico, ti lè rí wọn láti òdìkejì. Àwọn kan nínú ẹbí bínú sí ìbéèrè yẹn. Àwọn kan náà ló bẹ̀ wá pé kí a fo ìpínrọ̀ tó kàn yìí. A ò ní fò ó.

Ẹrú ni Keziah, ìyá ńlá tó ṣẹ ìdílé yìí sílẹ̀. A kọ ọ́ kedere: ẹrú. Kì í ṣe ìránṣẹ́, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, kì í sì í ṣe ará Spain kan tí oòrùn pa lára. Ní Alabama ni wọ́n ti ń rà á tí wọ́n ń tà á bí ewúrẹ́. Josiah Tarver, òyìnbó, ọmọ ẹni tó rà á gbẹ̀yìn, ló dá a sílẹ̀ tó sì fẹ́ ẹ. Àwọn èèyàn máa ń sọ èyí bí ẹni pé oore ńlá ni Josiah ṣe. Màmá kì í gbà. Wọ́n ní ẹni tó tú okùn tí bàbá rẹ̀ fi so èèyàn mọ́lẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe, kó má retí ìdọ̀bálẹ̀.

Ní ọdún 1857, tọkọtaya náà kó àwọn ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ màlúù, wọ́n fi Alabama sílẹ̀, nítorí òfin ibẹ̀ kò ka ìgbéyàwó wọn sí. Òfin Texas náà kò fẹ́ rí ènìyàn dúdú tó ti dòmìnira. Wọ́n ń lọ ṣáá, títí ilẹ̀ fi tán tó ku odò. Mexico ló wà lódìkejì, níbi tí wọn kì í ti í mú èèyàn lẹ́rú. Wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n ro oko. Nígbà tó yá, àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí wọn láti inú igbó. Keziah á bọ́ wọn, àwọn ọmọ rẹ̀ á fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn sọdá. Àwọn tí àárẹ̀ tàbí ìbọn pa kí wọ́n tó sọdá, ó sin wọ́n sí ìsàlẹ̀ oko. Nígbà tí òun náà fẹ́ kú ní ọdún 1889, àárín wọn ló ní kí wọ́n sin òun sí; ibẹ̀ ló di itẹ́ òkú ìdílé wa.

Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ Keziah fẹ́ ará Mexico, èdè Spanish sì di èdè ilé wa. Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ Mexico ní ìlú Santa Rita, ní Texas, ní ọdún 1942. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kan Ismael. Ìyá kan, bàbá kan, agbẹ̀bí kan. Màmá kàn pọ́n jù ú lọ díẹ̀ ni. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn méjèèjì láti òkè délẹ̀, ó sì sọ fún Màmá pé, "Ìwọ wọlé. Eléyìí ti dúdú jù, ilé ìwé àwọn dúdú ni kó lọ." Ilé ìwé yẹn, ìlú mìíràn ló wà, ọ̀nà tí ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè fẹsẹ̀ rìn. Ẹ wá gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn, wọ́n ṣa ọmọ ìyá méjì bí ẹni ṣa ẹ̀wà. Màmá ní àwọn náà ò lọ mọ́, ṣùgbọ́n ìyá wọn ní dandan ni kí ẹnì kan nínú ilé mọ̀wé kà. Màmá bá wọlé. Ismael jókòó sábẹ́ igi mesquite níta títí ilé ìwé fi parí. Lọ́sẹ̀ yẹn ni bàbá wọn mú un sọdá odò lọ sọ́dọ̀ àǹtí wọn ní Reynosa, ní Mexico. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, tó ti di onígbàjámọ̀, tó ti gbéyàwó, tó ti bímọ.

Ní ọdún 1956, Màmá fẹ́ bàbá wa, Hilario Longoria, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó àlùbọ́sà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá. Wọ́n fi gbogbo ariwo ilé sílẹ̀ fún ìyàwó wọn. Màmá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to ọsàn sínú àpótí, lẹ́yìn náà ni wọ́n di alásè ní ilé ìwé tó lé àbúrò wọn yẹn gan-an. Nígbà yẹn, ọmọ tó bá sọ èdè Spanish nídìí oúnjẹ, ìyà ni. Ọ̀gá ilé ìwé kan ní kí Màmá má bu oúnjẹ fún irú wọn. Ńṣe ni Màmá ń bù ú kún. Nígbà tí ọ̀gá pè wọ́n, wọ́n ní ebi ò gbọ́ òyìnbó.

Ní ọdún 1963, Bàbá Baltazar, àbúrò bàbá wọn, ní àwọn fẹ́ tún itẹ́ òkú ìdílé ṣe. Bàbá Baltazar ní ṣọ́ọ̀bù ní ìgboro, ará Spain ni wọ́n sì máa ń pe ìran wa fún àwọn oníbàárà. Wọ́n fi ọgbà wáyà yí itẹ́ náà ká. Ọjọ́ Àwọn Òkú dé, a gbé òdòdó àti tamales, àgbàdo lílọ̀ tí a fi háhá wé sè, lọ síbẹ̀ bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Josiah wà nínú ọgbà. Keziah àti àwọn tó sin wà níta, kí màlúù máa tẹ̀ wọ́n. Màmá gbé ṣọ́bìrì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í hú òpó. Bàbá Baltazar sáré dé.

"Delfina, ọ̀rọ̀ àgbà lèyí. Fi í sílẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ilẹ̀ tí ẹ tà tí ẹ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ta ló ro ó? Ṣé ará Spain náà ni?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọgbà ti yí gbogbo òkú ká. Láti ọjọ́ náà, ìkíni àárín ilé wọn àti tiwa kò kọjá orí ahọ́n.

Onígbàgbọ́ ni Màmá, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Àwọn ni wọ́n ń gbá ilé ìsìn kékeré tó wà lóko wa, àwọn náà ni wọ́n ń ṣáájú àdúrà àwọn obìnrin, bí ẹni ń bá Ọlọ́run ná ọjà. Ohun tí wọ́n máa ń gbàdúrà fún jù ni Ismael. Tẹ́lẹ̀, afárá ni Bàbá Ismael máa ń gbà wá ní Ọjọ́ Àwọn Òkú. Nígbà tó yá, àwọn aṣọ́bodè ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá pé Texas ni wọ́n ti bí wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí kò tó ẹ̀rí. Ọwọ́ Doña Chole kan náà ló gba àwọn méjèèjì! Ti Màmá tó, ti àbúrò wọn kò tó. Láti ìgbà náà, ọ̀kánkán itẹ́ òkú, níbi tí odò ti há, ni Bàbá Ismael máa ń dúró sí lódìkejì, tí àwọn àti Màmá á máa pariwo bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ismael, onígbàjámọ̀ tí ò nírun lórí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, eyín tiyín náà dà?"

Ní ọdún 2019, àwọn tó ń bá ìjọba mọ odi irin sí ẹnu ààlà dé. Màmá gbé àga lọ jókòó síwájú katakata wọn láràárọ̀, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Wọn kò fọwọ́ kan sàréè, ṣùgbọ́n wọ́n mọ odi náà sí àárín ilé wa àti òkú wa. Wọ́n ṣe ilẹ̀kùn sí i, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. Ó bí wa nínú nígbà náà. Ó ń bí wa nínú títí di ìsinsìnyí.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì, ọdún 2023. Ní ìpàdé ẹbí, Bọ̀ọ̀dá Evaristo, ọmọ Bàbá Baltazar, ní kí a sin wọ́n sí ìgboro, kí ojú má baà tì wá níwájú àlejò tó bá ní láti tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ aṣọ́bodè. Rebeca, àbíkẹ́yìn wa, dá wọn lóhùn: "Bọ̀ọ̀dá, ojú ti ń tì yín tipẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa tì yín lọ." Àwa ìyókù rántí ohun tí Màmá sọ lórí ibùsùn: "Wọ́n ní kí n wọlé, mo wọlé, mo fi Ismael sílẹ̀ níta. Ẹ má tún gbé mi wọlé."

Bàbá wa ti ṣáájú wọn lọ ní ọdún 2004. Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni àwa ọmọ wọn, Ofelia, Abundio àti Rebeca. Àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án. Àwọn àtọmọdọ́mọ mẹ́rin. Àti Bàbá Ismael.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa dárò, ẹ ṣeun. Ọ̀sán yìí ni wọn yóò ṣílẹ̀kùn odi. Wọ́n ní ìdílé nìkan ló lè kọjá. Bí wọ́n bá bi yín, ọmọ Keziah ni gbogbo yín. Nígbà tí a bá ju erùpẹ̀ tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè kúrò létí odò. Arúgbó kan ti wà lórí ìdúró lódìkejì láti àárọ̀, ojú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ẹ má dí wọn lójú.

Ẹ sùn re o, Màmá. Níta la tẹ́ yín sí.