Àgbà Ni Ká Kọ́kọ́ Yà

Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi,

Oṣù keje rèé tí a ti pínyà lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ kú àjò o. Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n yín fi sílẹ̀ ń kí bàbá wọn kékeré. Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ẹ̀gbọ́n yín padà, a sì ń rówó jẹun.

Màmá ni mo torí wọn kọ̀wé. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, dókítà sì ní ọkàn wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò níta gbangba. Ẹ̀ẹ̀mejì la dá ọjọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lòjò dà á rú. Nígbà tójú ọ̀run tún ṣú lánàá, mo sáré gbé àga síta.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé oníyọ̀ ni mí tí òjò fi máa lé mi? Jẹ́ kí ọmọ mi ti ọ̀nà jíjìn dé ná, kó wá dúró tì mí."

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín máa ń sọ tójò bá ṣú ló bọ́ sí mi lẹ́nu: "Àgbà ni ká kọ́kọ́ yà, ọmọdé á tún rọ́jọ́ mìíràn." Ó ti jáde kí n tó lè gbé e mì.

Màmá jókòó sórí àga náà, wọ́n ní, "Ó dáa, yà mí. Ṣùgbọ́n fi àyè ọmọ mi sílẹ̀."

Òjò dé bí mo ṣe yà wọ́n tán. Fọ́tò náà rèé; ẹ wo àyè yín lápá ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ wíwálé yín di ìparí ọdún. Ọlọ́run á mú yín délé láyọ̀. Ní gbogbo Sátidé tójò bá gbà fún mi, màá máa ya Màmá títí ẹ ó fi dé.