Ìyá Ọkọ Mi Àti Ìlà Tí Mò Ń Ṣọ́

Ẹ̀yin olóòtú ètò wa, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí wọ́n ń gbọ́ yín nílé wa.

Ọgbà ìṣeré ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń ṣọ́ ìlà àwọn tó fẹ́ gun jangirọ́fà ńlá. Èrò pọ̀ bí omi, oòrùn sì ń pa wọ́n. Àánú ló ṣe mí tí mo fi ní kí àwọn àgbàlagbà àti ọmọ wọn máa kọjá síwájú. Àṣé ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi! Kíá làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yá ìyá arúgbó lẹ́nu géètì, kí wọ́n lè kọjá bí ọmọ wọn.

Ta ni mo rí lánàá tó ṣíwájú àwọn àjèjì, tó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n rà fún un? Ìyá ọkọ mi!

"Màmá, ta nìwọ̀nyí?"

"Àwọn ọmọ mi ni. Ṣí ọ̀nà fún wa, ìyàwó wa."

Mo jẹ́ kí wọ́n kọjá lánàá, ṣùgbọ́n bí Màmá bá tún dé ńkọ́? Bí mo bá dá wọn padà, ilé ò ní gbà mí. Bí wọ́n bá sì tún kọjá, ìjà á dé, ọ̀gá á lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe? Odidi bọ́ọ̀sì kan ni Màmá pè lọ́mọ lánàá. Bẹ́ẹ̀, ọkọ mi nìkan ni wọ́n bí.