Ṣé Wọ́n Ń Jẹ́ Kí O Dìde?

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Kí o tó kà á lọ, jọ̀ọ́ fojú fo ìkọ̀wé mi. Ọwọ́ mi ti le, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè jáde fún mi lórí ìwé, kí n tó kọ ọ̀kan tán èyí tó tẹ̀lé e á ti sá lọ. O mọ̀ pé ìwé tí mo kà ò pọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní orúkọ wa àti orúkọ nǹkan inú ilé báyìí ni wọ́n ní kí n wá máa gbé àbúrò mi pọ̀n. Ibi tí o bá ti rí i pé ìlà ọ̀rọ̀ wọ́, rọra kà á.

Báwo ni ara? Báwo ni iṣẹ́? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àárẹ̀ tó wà lára rẹ di àìsàn, ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà ọ́. Ara tèmi náà le, ó kàn ń rẹ̀ mí ni, irú àárẹ̀ tí èèyàn á sùn títí tí kò ní lọ. Ìwé ni mo ní kí n kọ torí pé fóònù máa ń já mọ́ wa lẹ́nu.

Ilé tuntun tí mo wà yìí dára. Ojú ṣì ń tì mí láti kọ "ọkọ mi" sójú ọmọ tí mo bí, nítorí náà Káfíńtà ni màá máa pè é, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Lẹ́búlẹ́bú pákó nìkan ni wàhálà rẹ̀, ó wà nínú irun mi, ó wà lórí ibùsùn, àná mo rí i nínú iyọ̀. Ó ń pè mí ní Ìyàwó, èmi tí orí mi ti ń funfun, mo sì ń dáhùn. Má rẹ́rìn-ín. Tàbí kí o rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ.

Ó ní tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, wọn ò dáhùn, mo ní bóyá wọn ò tíì mọ̀ mí ni. Tí a bá fẹ́ sùn, aṣọ ni mo fi ń bo ojú rẹ̀. Káfíńtà ní wọn ò rí wa, mo ní ta ló mọ̀, ojú òun gan-an ṣì ń tì mí, ká tó wá sọ ti àlejò.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni ohun tí a rí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ẹ̀dá kan ni, wọn kì í ṣe èèyàn bíi tiwa, ìlú wọn wà lẹ́yìn òṣùpá lọ́hùn-ún. Ara wọn ní àwọ̀ ewé, wọn ò nírun, etí wọn sì fẹ̀ débi pé ó kan èjìká. Etí yẹn ló kó bá wọn. Wọ́n máa ń gbọ́ ohun tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, làwọn kan tó ní ọkọ̀ tó ń fò lójú ọ̀run bá lọ kó wọn nílé wọn, wọ́n sọ wọ́n di ẹrú, wọ́n tò wọ́n jókòó ní ìlà ní ìlà sísàlẹ̀ ọkọ̀, kí wọ́n máa bá wọn gbọ́ ọ̀nà. Wọ́n fi nǹkan kan tó ní iná kékeré kọ́ wọn létí. Tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, iná á tàn bí àwọ̀ ewé, tí ẹnì kan bá sinmi díẹ̀, á pọ́n, ọ̀gá á sì dé. Ọ̀gá ò nà wọ́n o, kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, ó kàn ń dúró sẹ́yìn wọn ni. Tó bá sì sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní inú àwọn dùn láti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Èyí tó kéré jù nínú wọn, èmi ni mo sọ ọ́ ní Kékeré. Ó jókòó síbi iṣẹ́, ó bá ń gbọ́ ohùn ìgbálẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń gbálẹ̀ nílé, lẹ́yìn òṣùpá, kò sì mọ̀ pé ọmọ òun ń gbọ́ òun. Ibi tí omijé ti fẹ́ bọ́ lójú mi ni obìnrin kan já wọ àárín ọ̀rọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń polówó ọṣẹ. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ní kó kúrò lọ́nà, ó tún gbé ọṣẹ sókè. Nígbà tó lọ tán, Kékeré wá bi ọ̀gá pé ṣé òun lè dìde. Kò ní òun fẹ́ lọ síbì kankan o, kóun kàn dìde ni. Ọ̀gá ń wò ó, orin bá dé, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Káfíńtà ní eré ni, pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn wọ́n lára. Ó mọ̀ nípa ọ̀dà, n ò bá a jiyàn. Mo kàn lọ mú fọ́tò rẹ jáde, èyí tí o fi ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ tí ẹ ti ń gbé fóònù. Ìwọ náà jókòó ní ìlà. Nǹkan yẹn wà létí rẹ, ọwọ́ rẹ̀ yọ wá síwájú ẹnu rẹ, iná kékeré wà lára rẹ̀. O ń rẹ́rìn-ín, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ náà ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé e fún Káfíńtà. Ó wò ó pẹ́, kò sọ pé eré ni.

Mo wá rántí ọjọ́ tí mo pè ọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó èmi àti Káfíńtà. O gbé fóònù, o ní inú yín dùn láti gbọ́ ohùn mi, kí lẹ lè ṣe fún mi. Mo ní èmi ìyá rẹ ni. O wá ní Màmá, ẹ má bínú, ó ti mọ́ mi lẹ́nu ni. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò wá, o ní wọn ò gbà fún ọ. Mo ní tí o bá kàn dìde ńkọ́, o ní iná ti pọ́n, fóònù bá já.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó pé irọ́ lo pa, pé inú ló ń bí ọ torí pé mo tún lọ́kọ lẹ́yìn bàbá rẹ, n ò sì fẹ́ bi ọ́. Ní báyìí mo fẹ́ bi ọ́. Tó bá jẹ́ pé inú ló ń bí ọ, jọ̀ọ́, kọ ọ́ wá, bú mi níbẹ̀ bí ó bá ṣe tẹ́ ọ lọ́rùn, ara mi á fúyẹ́. Ẹni tínú ń bí lè dìde níbi tó jókòó sí. Èyí tó kù yẹn ni n ò fẹ́.

Mo bi ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní báńkì náà, pé ṣé wọ́n ń jẹ́ kó dìde. Ó wò mí, ó wẹ̀yìn, ó ní kí n tẹ̀ka síbí.

Káfíńtà ti kan bẹ́ẹ̀dì fún ọ. Ó ní kí n fi ọwọ́ júwe bí o ṣe ga tó, mo júwe rẹ̀, ó ní ọmọdé nìyẹn, ó wá fi pákó kún un. Ó fá a títí tí kò fi sí ibi tó lè họ ọ́ lára.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ nìyí, má bínú pé mo tún ń tọrọ. Má fi ti oṣù yìí ránṣẹ́ sí mi. Owó ọkọ̀ ni mo fẹ́, owó ọkọ̀ tìrẹ, fún ara rẹ ní in, kí o sì fi wọkọ̀ wá. Láràárọ̀ tí mo bá ń gbálẹ̀ báyìí, mo máa ń jẹ́ kí ìgbálẹ̀ dún dáadáa, torí ta ló mọ ohun tó ń wọ̀ ọ́ létí níbẹ̀.

Ọlọ́run tó fún ọ létí á jẹ́ kí ire ni o máa fi gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní gbàgbé ọ̀nà ilé. Ẹni tó dúró sẹ́yìn rẹ, Ọlọ́run á... Káfíńtà ti ń pè mí, ó ní Ìyàwó, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, n ò sì tíì ṣe àdúrà tán. Ó tún ń pè, ó ní kí n sáré, ó ní Kékeré ti bọ́ nǹkan etí yẹn sílẹ̀, iná ti pọ́n, ọ̀gá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fọwọ́ ti àga, ó sì ń