Ilé Ti Gun Òkè, Ìwé Ìbọn Ṣì Wà Létí Odò

Twyla àbúrò mi,

Ó dá mi lójú pé Àǹtí Verna á ti pè ọ́ kí lẹ́tà yìí tó dé, torí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ṣe: wọn ò tì mí mọ́lé, mi ò sì yọ ìbọn sí ọlọ́pàá kankan. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ló kú. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Columbus? Ṣé ò ń jẹun kánú? Ọlọ́run tó gba ilé wa lọ́wọ́ omi á pa ọ́ mọ́ láàárín ọkọ̀ ibẹ̀. Láti ọjọ́ tí Dádì ti fi ọ́ lé mi lọ́wọ́ tó kú, èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi náà ni bàbá, torí náà ẹnu mi ni kó o ti gbọ́ ọ.

O mọ̀ pé odò tún wọ àgbàlá wa, tí mo fi ní kí Coy Tuttle fi ọkọ̀ ńlá rẹ̀ wọ́ ilé onítáyà wa gun òkè lọ sórí ilẹ̀ Àǹtí Verna. Kò sí ohun tá a fi sílẹ̀ nínú ilé, aago Dádì kò tilẹ̀ kúrò lára ògiri. Ìgbà tó yá ni ọlọ́pàá Brent dá mi dúró lójú títì. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí ọkọ̀ bí Dádì ṣe kọ́ wa, mo sọ fún un pé ìbọn wà ní ìbàdí mi, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì nìyí. Ó wo àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé náà, ó ní ṣé etí odò ni mò ń gbé. Mo ní ilé mi ni mò ń gbé. Ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣebí òun lòun dá ọkọ̀ dúró lọ́jọ́ tí ilé mi ń kọjá, òun tilẹ̀ juwọ́ sí i.

Mo ní ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó bá jáde kúrò nínú ilé ló ṣí kúrò, èmi ò jáde. Ó ní kí n lọ ṣàlàyé ìyẹn ní ọ́fíìsì ọ̀gá ọlọ́pàá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé ìwé náà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn ọ́. Èmi ni mò ń gbé owó ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹran ọ̀sìn Ọ̀gbẹ́ni Fenstermaker lọ sí báńkì, bàbá náà sì ti búra pé ẹni tí kò níwèé ìbọn kò ní fọwọ́ kan àpò owó òun. Iṣẹ́ yẹn ló ń san owó ilé-ìwé rẹ.

Mo bá kó ẹlẹ́rìí lọ. Àǹtí Verna wá. Coy gbé ṣéènì tó fi wọ́ ilé wá. Pásítọ̀ wá jẹ́rìí pé orí tábìlì àtijọ́ náà làwọn ṣì ti ń jẹ adìẹ dídín wa. Mo ń kà wọ́n bọ̀, nígbà tí àwọn tó tò síbẹ̀ fún ọ̀ràn tiwọn wá ń sọ pé àwọn náà mọ ilé ọ̀hún, ni mo bá jáwọ́ nínú kíkà. Kendra tá a jọ wà ní kíláàsì nígbà kan ló jókòó sẹ́yìn fèrèsé tí wọ́n ti ń gba ìwé. Mo fi fóònù mi hàn án, mo ní ojú ọjọ́ orí òkè ló ń sọ fún mi láràárọ̀, tó túmọ̀ sí pé ìjọba ti mọ̀ pé mo ti débẹ̀. Ó ní fóònù mi kì í ṣòṣìṣẹ́ àwọn. Ó ní bóyá kí àwọn kúkú fún ilé náà níwèé ìbọn, kí n máa tẹ̀ lé e. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín.

Mo wá sọ òótọ́ inú mi fún un. Àdírẹ́sì Dádì ni. Bí mo bá pa á rẹ́, kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀ mọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, Lyle, ìwé yìí ò béèrè ibi tí Dádì wà, ibi tí wọ́n ti lè rí ọ bí wọ́n bá ń wá ọ ló ń béèrè. Mo kọ àdírẹ́sì orí òkè sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fenstermaker ti gbé àpò fún mi padà, fọkàn balẹ̀.

Ìwọ náà, lọ yí àdírẹ́sì ilé padà ní ilé-ìwé rẹ. Bó o bá ń bọ̀, kó o sì gbàgbé yà sétí odò, àtẹ̀gùn kọnkéré tí Dádì mọ nìkan lo máa bá, òun nìkan ni ṣéènì Coy ò lè wọ́. Jókòó lé e díẹ̀, lẹ́yìn náà kó o máa gòkè bọ̀. Orí àpótí mílíìkì la ń gùn wọlé níbí, torí náà bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ fún sìmẹ́ńtì àtẹ̀gùn tuntun, kó o sì fi ti gílóòbù iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kún un. Mi ò ní po sìmẹ́ńtì náà títí wàá fi dé, torí Dádì jẹ́ ká tẹ ẹsẹ̀ wa sí ti àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì tutù.

Ire tó bá ń wá ọ kiri ò ní ṣìnà.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Lyle