Orúkọ Lórí Téèpù Funfun: Ìgbésí Ayé Delvin Roscoe Pettaway (1982–2023)

Earlene Pettaway ń gé orí ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìrọbí mú un. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 1982 ni, ní ilé-iṣẹ́ ẹja tó wà lẹ́yìn ìlú Tillman Bend, Mississippi. Ọ̀gá iṣẹ́ ní kó parí àpótí tó wà níwájú rẹ̀ kó tó lọ. Ó parí rẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn tòun ti bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ó sì bí Delvin kí ilẹ̀ tó ṣú. Báyìí ni olóògbé ṣe wáyé: ẹlòmíràn ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó fara da ìrora díẹ̀ sí i.

Baba rẹ̀ ni Roscoe Pettaway, tó ń wa katakata ní oko òwú. Baba baba rẹ̀ ni Díákónì Amos Pettaway, ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ ara wọn kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi Òkè Nébò tí ẹ jókòó sí lónìí. Àwọn Gaither ni ìdílé ìyá rẹ̀. Àwọn Gaither kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Delvin jọ wọ́n.

Ó jáde ilé-ìwé girama Tillman Bend ní ọdún 2000. Ó mọ ìṣirò. Kí ẹ di gbólóhùn yẹn mú, ẹ óò nílò rẹ̀ níwájú. Ìyáàfin Odessa Crume tó kọ́ ọ wà láyé, wọ́n jókòó sí àga iwájú. Wọ́n ní ọmọ náà máa ń rí ìdáhùn kí àwọn tó kọ ìbéèrè tán sójú pátákó. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé ló rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ló kọ́ níbẹ̀, ó sì gbàwé ẹ̀rí rẹ̀.

Láìnbákà ni Delvin lórí pápá. Ẹni yẹn ló ń dúró lẹ́yìn àwọn òmìrán iwájú, tó ń ka ohun tí àwọn ọ̀tá fẹ́ ṣe, tó ń pariwo fún àwọn mẹ́wàá yòókù ibi tí wọ́n máa dúró sí, tí yóò sì fi ara rẹ̀ pàdé ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2004, àwọn ẹgbẹ́ ńlá jókòó láti yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́. Earlene din ẹja, ó se ewébẹ̀, àwọn ará àdúgbò kún yàrá láti wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n pe orúkọ títí, wọn kò pe tirẹ̀. Wọ́n ní ó kúrú. Wọ́n ní apá rẹ̀ kò gùn tó. Lucius, àbúrò baba rẹ̀, dìde.

“Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn jàre. Ẹja ti ń tutù.”

“Ẹ fi sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Lucius,” ni Delvin wí. “Mo fẹ́ mọ orúkọ gbogbo àwọn tí mo máa gbé lulẹ̀.”

Kò rẹ́rìn-ín. Wọn kò tíì palẹ̀ àwo mọ́ tí fóònù fi dún. Ẹgbẹ́ kan ní àríwá ń wá ènìyàn kún ènìyàn ní ibùdó ìgbaradì. Ìdílé kò ní kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà síhìn-ín. Àwọn náà kò kọ orúkọ Delvin sára ohunkóhun tí kò ṣeé ṣí kúrò.

Téèpù ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n já téèpù funfun, wọ́n kọ PETTAWAY, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú akoto rẹ̀, kí àwọn kóòṣì lè mọ ẹni tí wọ́n ń bú. Wọ́n lẹ òmíràn mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa kan ilẹ̀kùn láàárọ̀: “Kóòṣì ń pè ẹ́. Mú ìwé ètò eré ẹ dání.” Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìyẹn ń lọ sílé rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọn kò yàn, tí wọ́n bá rí i ní yàrá ìtọ́jú, ilẹ̀kùn tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dún. Nítorí náà Delvin kò dé yàrá yẹn rí. Ìka rẹ̀ ṣẹ́, ó fi téèpù dì í mọ́ èkejì. Orí rẹ̀ kọlu orí ẹlòmíràn títí ojú rẹ̀ fi ń ṣú. Kò sí téèpù fún ìyẹn.

Wọ́n mú un. Ní ọdún kẹta rẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń pàṣẹ fún àwọn tó ń dènà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, ó fẹ́ Tamesha Broadnax, nọ́ọ̀sì, nínú ìjọ yìí. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 2007, àwọn ẹgbẹ́ gbé ìdánwò kan dé. Kí eré ọdún tó bẹ̀rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, yóò rántí ọ̀rọ̀, yóò to àwòrán. Bí orí rẹ̀ bá gbá nǹkan lẹ́yìn náà, wọ́n á tún ìdánwò náà ṣe. Bí máàkì rẹ̀ bá já wálẹ̀, kò ní wọ pápá. Cort Maddox, láìnbákà àgbà kan, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. Delvin fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nídìí tábìlì baba rẹ̀, lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ ọdún yẹn.

“Cort ní, ‘Àbúrò, má lọ ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ o. Ṣe bí òmùgọ̀. Tó o bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibo lo tún fẹ́ já bọ́ sí?’ Mo ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, olùkọ́ ìṣirò lèmi o.’ Ó ní, ‘Ó dáa, ṣírò ẹ̀ fún mi: àwọn tó wà ní yàrá ìtọ́jú léṣìí, mélòó ló kù nínú wọn?’”

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Tamesha kò rẹ́rìn-ín.

“Lọ́jọ́ tí nǹkan bá wá ṣe ẹ́ lóòótọ́ ńkọ́? Ta ló máa gbà ẹ́ gbọ́?”

“Tàmẹ́, ẹni tí wọ́n yàn ló lè ṣàìsàn. Èmi, wọn ò yàn mí.”

Ọdọọdún ló ń mọ̀ọ́mọ̀ kùnà. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn tó ń ṣèdánwò mọ̀, àwọn kóòṣì mọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ilẹ̀kùn dún. Ó mú ìwé ètò eré dání lọ. Kó tó padà sídìí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, wọ́n ti ṣí téèpù náà.

Ó padà sílé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí ní ìṣirò. Ìlú bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Kò gbà. Ó ń wa ọkọ̀ ìjọ, ó ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ kàwé nígbà ìsinmi lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi jẹ díákónì ní ọdún 2014, lórí àga baba baba rẹ̀.

Ní ọdún 2017, ó dúró níwájú kíláàsì, ó ya igun mẹ́ta sójú pátákó, kò rántí ohun tí wọ́n ń pè é. Ọmọ kan sọ fún un, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún bi wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ létí àwọn adágún ẹja, ó jókòó sínú rẹ̀, kò mọ ọ̀nà ilé. Ó ra téèpù funfun, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ibùdó. Ó kọ BALÙWẸ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ó kọ YÀRÁ ÌDÁNÁ. Ó kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ó lẹ wọ́n mọ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn.

Ibì kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí eré bá orí wọn jẹ́. Dókítà ló ń pinnu ẹni tó máa wọ ibẹ̀. Ní ọdún 2019, Tamesha àti Roscoe mú un lọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n wá ni kí wọ́n gbà pé eré ló ṣe é, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Dókítà fún un ní ìdánwò, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi máàkì rẹ̀ wé àwọn ti àtijọ́.

“Kò sí ohun tó yí padà, mà. Bó ṣe wà kó tó fara pa nìyí.”

“Ó mọ̀ọ́mọ̀ kùnà ni, Dókítà. Gbogbo wọn ló ń ṣe é.”

“Ṣé ẹ ń sọ pé ọkọ yín parọ́ fún ẹgbẹ́?”

“Mò ń sọ pé ẹgbẹ́ mọ̀.”

Dókítà pa kọ̀ǹpútà dé. Delvin béèrè pé, “Mélòó ni mo gbà?” Wọ́n sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Inú Cort á dùn.”

Wọn kò gbà á síbẹ̀.

Àṣìṣe ni Delvin ṣe. Ìdílé kò fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́lé, tó fi ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sí i, mọ ibi tí àwọn ará ilé máa gbà jáde. Ọkùnrin tí wọ́n ní orí rẹ̀ kò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún ní àṣẹ lórí mẹ́wàá. Ṣé orí rẹ̀ pé lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, kò wá pé mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun níwájú kọ̀ǹpútà? Kí ẹni tó mọ ìdáhùn dìde.

Delvin kú nílé rẹ̀, lójú oorun, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni. Ọpọlọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ní yunifásítì kan, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdánwò kan ṣoṣo tí kò lè mọ̀ọ́mọ̀ kùnà nìyẹn.

Ẹgbẹ́ náà fi òdòdó ránṣẹ́. Ó wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá wá láti ọ̀dọ̀ wọn, ó lè jẹun pẹ̀lú wa lẹ́yìn ìsìnkú. Kó má ṣe gba ọ̀rọ̀ sọ.

Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni baba àti ìyá rẹ̀, Roscoe àti Earlene. Aya rẹ̀, Tamesha. Àwọn ọmọ rẹ̀, Jonelle, Amos àti Kezia. Àti Lucius, àbúrò baba rẹ̀. Kò rí ọmọ-ọmọ. Wọn kò jẹ́ kó dàgbà débẹ̀.

Delvin, ẹnikẹ́ni kò ní kan ilẹ̀kùn rẹ mọ́. Máa sùn. Kí ilẹ̀ Tillman Bend fúyẹ́ lórí rẹ.

Téèpù orúkọ àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lára ilẹ̀kùn wọn.