Ọmọ Ẹ̀lírí Nínú Ikùn Àkọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹta

Rímà ọmọ mi mú fóònù wá. Ó ní kí n máa bá a sọ̀rọ̀, yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní ta ni yóò kà á? Ó ní kò sẹ́ni tí yóò kà á, àmọ́ ó sàn ju kí n máa bá kẹ́tù tí mo fi ń se omi tíì jà lọ. Ta ló sọ fún un pé mò ń bá kẹ́tù jà? Klafídíà ni, obìnrin tó ń gbé lókè yàrá mi. Rédíò ni mò ń pè é. Iná ìbáà lọ, Rédíò kì í kú.

Èmi Kúsímà nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ìwé kò wọ orí mi. Mo lè kọ orúkọ mi, mo lè ka nọ́ńbà bọ́ọ̀sì, ó parí. Ogójì ọdún ni mo fi kan ìṣó mọ́ ara bàálù ní ilé iṣẹ́ wa ní ìlú Fòrónẹ́ṣì níbí. Fáínà ìyàwó mi kú lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ewé ń já lulẹ̀. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni. Mi ò sunkún. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ fi hàn.

Mo sọ fóònù yìí ní Olófòófó. Ó dáa. Jẹ́ ká máa wò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹta

Ọbẹ̀ kábéèjì jóná. Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹta

Ọjọ́ àwọn obìnrin. Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sí ìdí bọ́ọ̀sì, mo ra òdòdó pupa rúsúrúsú yẹn tí mo máa ń rà lọ́dọọdún. Mo ti sanwó kí n tó rántí pé ẹni tó ń gbà á kò sí mọ́. Mo fún Rímà. Ó já ẹ̀ka kan nínú rẹ̀, ó fi í sínú ife ìyá rẹ̀. Ó dà bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Ó sì sọ ọ́.

Àkọ̀ yóò gòkè nínú oṣù karùn-ún.

Àkọ̀ ni mo sọ bàálù tuntun náà. Ó funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ínrín, ó gùn, bíi ti ẹyẹ tó ń sá lọ sí ilẹ̀ olóoru nígbà òtútù. Bàálù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀nà kan ṣoṣo láàárín, àga mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí gbogbo ìlú ti ń retí rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni yóò wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: awakọ̀ méjì níwájú, ẹnì kan nínú ikùn, láàárín àwọn àgbá omi tí wọ́n fi dípò èrò, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n. Rímà ni ẹni tó wà nínú ikùn.

Mo bi í bóyá ọkùnrin ti tán nílé iṣẹ́ ni.

Ó ní, “Bàbá, ọkùnrin pọ̀ bí ẹ̀fọn. Èmi ni mo gbọ́ èdè àwọn ẹ̀rọ yẹn.”

Mo ní bí ẹ̀rọ bá lẹ́nu, kó máa pariwo wá sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ni. Mo ní mo ti sin ẹnì kan. Ẹ̀rín náà dúró. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹta

Kò pè. Èmi náà kò pè.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹta

Iṣẹ́ ni mò ń rò. Ìṣó tó so awọ bàálù mọ́ eegun rẹ̀, ẹni méjì ní í kàn án. Ọ̀kan wà níta pẹ̀lú òòlù afẹ́fẹ́. Ọ̀kan wà nínú apá bàálù, nínú òkùnkùn, ó fi irin wúwo ti ìdí ìṣó kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Èmi ni mo wà níta. Ẹni kékeré ni wọ́n ń wá fún inú. Fáínà kéré. Ihò tí ológbò yóò rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ̀, Fáínà á ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀lírí, eku tín-ń-tín, ni gbogbo wa ń pè é.

Ariwo pọ̀ níbẹ̀, a kì í gbọ́ ara wa. Kíkàn la fi ń sọ̀rọ̀. Bí ìṣó bá jókòó dáadáa, Fáínà á fi irin kan awọ lẹ́ẹ̀kan láti inú: ó dára, máa lọ. Bí kò bá jókòó, lẹ́ẹ̀mejì: tún un ṣe. Èmi á kàn án lẹ́ẹ̀kan láti ìta: mo ti gbọ́. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo bi í bóyá yóò fẹ́ mi, inú apá ló wà. Mo fi ẹnu sí ihò, mo pariwo. Ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún pariwo. Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Títí gbogbo gbọ̀ngàn fi pa òòlù tì tí wọ́n ń gbọ́ mi. Nígbà tó jáde ó ní òun gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn létí òun ni.

Rímà kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Bí ìyá rẹ̀ bá pa ìtàn tán, tó ti pa iná, ọmọ náà á kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì: tún un pa.

Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu Fáínà, irin bẹ́ẹ̀dì ló kàn. Lẹ́ẹ̀kan. Máa lọ. Mi ò lọ.

Ó tó. Olófòófó, sùn.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹta

Rímà ló kọ́kọ́ pè. Ó ní wọ́n ń pe àwa àgbà wá wo ìgbà tí wọ́n máa fa apá Àkọ̀. Mo wọ kóòtù tí mo fi sin ìyá rẹ̀. Mi ò ní òmíràn tó dáa.

Wọ́n de bàálù kan mọ́lẹ̀, èyí tí kò ní fò láé. Wọ́n fi okùn irin so apá rẹ̀ sókè. Apá náà kì í ṣe irin. Aṣọ dúdú ni, wọ́n tò ó lérí ara wọn, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n sè é nínú ààrò tó tó ilé ìjọsìn. Mo fọwọ́ pa á. Kò sí ihò kan tí Ẹ̀lírí lè wọ̀.

Wọ́n ń fà á. Apá ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tó ń gbàdúrà. Ó ń ké. Ohùn Rímà ń ka nọ́ńbà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò gbọ̀n. Obìnrin kan tó wà lára àwọn tó to aṣọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń jẹ etí gèlè rẹ̀. Ó dé ojú àmì. Wọ́n dá a dúró. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ àfìgbà tó balẹ̀ tán.

Rímà yọ nǹkan etí rẹ̀, ó ń wá ojú ẹnì kan láàárín èrò. Tèmi ni.

Nínú bọ́ọ̀sì ó ní, “Ẹ ò sọ nǹkan kan.”

“Ó rọ̀ jù.”

“Rírọ̀ ni agbára rẹ̀, Bàbá.”

Mo wo ojú fèrèsé. Ìyá rẹ̀ náà rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹrin

Rédíò sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú àkàrà òyìnbó. Bó bá gbé àkàrà dání, ìròyìn burúkú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ àbúrò òun tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bàálù sọ pé fífò ọjọ́ àkọ́kọ́ kò tó nǹkan kan. Ọdún méjì ni wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á gbé e gòkè, wọ́n á dín eré rẹ̀ kù títí yóò fi fẹ́ já lulẹ̀, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń já, kí wọ́n tó fà á padà.

Mo ní ta ló máa wà nínú rẹ̀ nígbà náà?

Ó ní, “Bàbá Rímà, ẹ jẹ àkàrà yín.”

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹrin

Àjíǹde. Mo fi èèpo àlùbọ́sà se ẹyin bí Fáínà ṣe ń ṣe é. Méjì fọ́. Rímà wá, a fi ẹyin wa gbá ara wọn, eré ọdún ni, tirẹ̀ fọ́ tèmi. Ó ní ọwọ́ mi ti di ọwọ́ àgbà. Mo ní òjóòró ni tirẹ̀, kó fi ìdí ẹyin náà hàn mí. Kò fi hàn. A jẹun. Mi ò bi í léèrè ọ̀rọ̀ ọdún méjì náà. Ọjọ́ ọdún ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ àwọn òkú. A gbé ẹyin àti búrẹ́dì lọ sí ibojì. Rímà kun ọgbà irin rẹ̀ ní ọ̀dà, mo tu koríko. Ibẹ̀ ni mo ti bi í, lójú ìyá rẹ̀, kó má baà lè parọ́.

Kò parọ́. Ó ní wọ́n ti bẹ òun pé kí òun ṣe gbogbo rẹ̀, ọdún méjèèjì. Òun kò tíì fún wọn lésì.

Mo ní fò ti àkọ́kọ́, mo mọ̀ pé o máa fò ó, orí kunkun ìyá ẹ wà lọ́rùn ẹ. Àmọ́ bó o bá ti sọ̀kalẹ̀, fún wọn ní ẹlòmíràn. Ìwọ jókòó sí ìdí tábìlì, nílẹ̀, bí ọmọlúàbí.

Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa ọ̀dà sí ibi tó ti pa á sí tẹ́lẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gòkè, Bàbá. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ èsì mi.”

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Karùn-ún

Afẹ́fẹ́. Wọ́n sún fífò náà síwájú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Karùn-ún

Ó ku díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Ọ̀la ni. Rímà wá sùn ní yàrá rẹ̀ àtijọ́ kó lè lọ láti ibí. Mo se pòtétò, mo gé ẹja oníyọ̀. Ó ń jẹun dáadáa. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu mi fi tú.

Mo ní, “Ó dáa. Kó jẹ́ àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn.”

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

Ní ìdí bàálù, kò sẹ́ni tí í fẹnu pe ọ̀rọ̀ tí mo fi parí yẹn, èèwọ̀ ni. Wọn á ní “èyí tó wà létí”, wọn á ní ohunkóhun, wọn ò ní sọ ìyẹn. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì mọ̀ ọ́n. Ajá ẹnu géètì mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo lo ogójì ọdún níbẹ̀, mo sọ ọ́ sí ọmọ mi lójú, lálẹ́ ọjọ́ tí ó ku ọ̀la.

Mo tutọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sẹ́yìn èjìká òsì kí ibi lè lọ. Kò bá mi wí. “Bàbá” nìkan ló sọ, bí ẹni ń pa ọmọ lẹ́kún. Ó gbé ṣíbí padà. Kò jẹun dáadáa mọ́.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Karùn-ún

Kó tó jáde, a jókòó sórí àga tí a fi ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, àwa méjèèjì, láìsọ̀rọ̀, bí a ṣe ń ṣe bí ẹnì kan bá ń lọ ìrìn àjò. Ẹnu ọ̀nà kéré, èjìká wa kan ara wọn. Òun ló kọ́kọ́ dìde.

Ará ilé ẹni tó ń fò kì í lọ sí pápá. Òfin wọn ni. Mo sọ fún ara mi pé òṣìṣẹ́ àgbà ni mí, n kì í ṣe ará ilé ẹnikẹ́ni. Mo dúró lórí òkè lẹ́yìn odi waya, láàárín àwọn tó ṣe Àkọ̀. Obìnrin tó jẹ etí gèlè wà níbẹ̀. Ó mọ̀ mí, ó sún fún mi.

Àkọ̀ sáré. Ó gbé imú. Apá rẹ̀ tẹ̀ sókè bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ yẹn gan-an, ilẹ̀ sì bọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kò ká ẹsẹ̀, wọn kì í ká a lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó kéré. Ó pòórá.

Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí pòtétò ni mò ń gbọ́. Mo bá Fáínà sọ̀rọ̀. Mo ní bí ẹnu mi bá jẹ gbèsè, kó gba ẹnu náà, kó fi ọmọ sílẹ̀.

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà obìnrin yẹn di apá mi mú, ó ń nawọ́. Ẹsẹ̀ gígùn méjì. Ó balẹ̀ bí ẹyẹ tó mọ ìtẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń ju fìlà sókè. Mo jókòó sórí koríko. Omi ń dà lójú mi, obìnrin náà sì rí i. Kó rí i.

Mi ò dúró de ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá. Mo wá sílé, mo fi ọbẹ̀ kaná, mo sì dúró tì í kó má baà jóná.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kò lò ó. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Èmi náà dúró nínú.

Ó kàn án. Lẹ́ẹ̀mejì. Èsì tó ní èmi ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn.

Mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan, kí n tó ṣí i.