Àdúrà Tí A Gbà Sórí Ọkọ̀ Ọlábímtán

Abà Alágbẹ̀dẹ,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta.

Ọlábímtán ọmọ mi, Àkànní,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìjọba, mo kí ìyàwó mi Rachael kú ìtọ́jú ọmọ, mo sì kí Mofẹ́olúwa, àlejò wa tó dé lóṣù Kọkànlá. Bí eyín bá ti ń mú un lẹ́nu, ẹ má jẹ́ kí ó máa họ ẹ̀yìn fóònù jẹ o, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú tí àwọn èèyàn ń sọ sínú fóònù ara ike yẹn náà ló ń lẹ̀ mọ́. Ọlọ́run tó mú yín la ọyẹ́ já yóò mú yín la ooru Abuja já. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ ní ọ́fíìsì, ìjọba yóò gbé e ga, wọn yóò sì gbé e lọ sí ibi tó jìnnà.

Àlàáfíà la wà nílé. Ewúrẹ́ dúdú bí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé pásítọ̀ ló lọ bí wọn sí, ìyàwó pásítọ̀ sì ń sọ pé àmì ni. Mi ò tíì mọ̀ bóyá àmì pé wọ́n fẹ́ mú ọ̀kan ni. Owó tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá dé. Báǹkì kọ ọ́ sórí fóònù mi pé ó ti dé, mo sì dá ọmọ báǹkì tó kọ ọ́ lóhùn kíá, mo dúpẹ́, mo gbàdúrà fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń dá a lóhùn, kò kí mi padà rí. Mi ò bínú sí i, iṣẹ́ lè pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí màmá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù, Àkànní. Ọjọ́ tí mo lọ gba nọ́ńbà ìjọba, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n ní kí n tẹ̀, wọ́n ya ojú mi, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu nínú fóònù, wọ́n ti mọ ẹni tó la ẹnu. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ìjọba bá wa gbọ́, pàápàá bí o ṣe ń gba owó oṣù lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e lé Diméjì lọ́wọ́, ẹni tó ń fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ kó èrò láti ibí wá sí Abuja lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì fi ẹ̀bà gbígbóná lẹ ẹnu àpò lẹ́tà náà pa kí ẹnikẹ́ni má baà tú u wò.

Wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka ibi tó kù. Èmi ni mo ba ọkọ̀ eré rẹ jẹ́.

Ọkọ̀ pupa yẹn ni mo ń wí, èyí tó dàgbà ju ìyàwó rẹ lọ, tí ìwọ àti ẹgbẹ́ yín ń gbé lọ sí pápá ọlọ́dà tí ẹ ń háyà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti máa sáré. O mú mi lọ síbẹ̀ nígbà tí mo wá tọ́jú ọmọ. Mo rí i bí ẹ ṣe ń sáré yípo tí ẹ ń padà sí ibi tí ẹ ti gbéra, tí ẹnikẹ́ni kò sì rán yín níṣẹ́. Mo bi Rachael pé ta ló ń lé yín, ó ní kò sí ẹnì kankan, aago ni ẹ ń lé. Mo ní ṣebí aago wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, kí ló tún ń lé. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ nígbà tí o bọ́ sílẹ̀, bí ojú rẹ ṣe máa ń rí nígbà tí o wà ní kékeré tí o bá gba ipò kìíní, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé ohunkóhun tó bá ń mú inú ọmọ mi dùn tó báyìí, èmi náà á bá a tọ́jú rẹ̀. Àtibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ náà kò dà bí àwọn yòókù. Bí o bá tan iná rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì á yọ síta, bí o bá pa á, á di ojú, ó di kí ó sùn. Ohun tó ń sùn ni mo kà á sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù Kejìlá, ọyẹ́ ń fẹ́ débi pé ètè mi là, mo jáde láti gbá iwájú ilé yín ní Lokogoma, mo rí i tó di ojú síta gbangba, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ níwájú, tí eruku ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, nígbà tí jíìpù Rachael wà lábẹ́ òrùlé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ní tiwa o, ohun tó bá ń sùn lójú ọyẹ́, aṣọ là ń fi bò ó. Mo ya ìlàjì ìró aláró mi, mo ká a, mo fi okùn dì í dáadáa. Nítorí pé ọkọ̀ náà kúrú, mo dọ̀bálẹ̀ sórí kankéré bí ọkùnrin, mo sì fi ọmọrogùn Rachael ti aṣọ náà wọ inú ẹnu rẹ̀, títí ó fi jókòó síwájú àwọn irin wẹ́wẹ́ tó wà ní inú lọ́hùn-ún. Mo kí i pé ó dàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo lọ fọ ọmọrogùn. Oore kì í ṣe ohun à ń pariwo, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì mo ti gbàgbé.

Lóṣù Kìíní o gbé e lọ sí pápá, ó yípo mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. O pe Abdulqudus, ọmọ Ìlọrin tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Àpó, tó ti ń bá ọ tọ́jú rẹ̀ láti ọdún márùn-ún. Ṣé o rántí bí ẹ ṣe tú u palẹ̀ níwájú mi? Ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀ tó ń tu omi rẹ̀ lára, láti ẹ̀yìn ni ẹ gbà fà á yọ, ẹ pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń ti omi náà kiri, ẹ pààrọ̀ fáànù. Ọmọ náà sọ létí mi pé bí ó bá jẹ́ fáànù ni, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ì bá ti máa gbóná, ṣùgbọ́n bí ó ṣe jẹ́ pé ìgbà tó bá ń sáré nìkan ló ń hó, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé atẹ́gùn kò ráyè wọlé níwájú. Ó bẹ̀ ọ́ pé kí o jẹ́ kí òun tú àgbọ̀n iwájú rẹ̀, tí ẹ ń pè ní bọ́ńpà. O ní rárá, o ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún ní ọ̀dà ni, yóò họ. Èmi náà jókòó tì yín, mò ń bu iṣu fún un, mò ń sọ fún un pé kí ó fi sùúrù wá a, ó máa rí i. Ohun tí ẹ ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò, èmi tí mo fi í síbẹ̀ sì ń bu ata sí iṣu.

Lẹ́yìn tí mo padà sílé, o pè mí lóṣù Kejì pé ó tún ti hó níwájú gbogbo ẹgbẹ́ yín, pé o ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, pé Abdulqudus ń yọ ojúlówó ẹ̀yà ara rẹ̀ tà, ó sì ń fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. O ní o ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́. Àkànní, ó yẹ kí n sọ pé kí o fara balẹ̀. Ọmọ tó jẹun lọ́wọ́ mi, tó ń fọ abọ́ fúnra rẹ̀ kó tó lọ, ó yẹ kí n gbẹnu sọ fún un. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a fi gbogbo ohùn wa ké pe Ọlọ́run pé kí ó tú àṣírí ẹni tó ń ba ọkọ̀ ọmọ mi jẹ́, ibi yòówù kí ó wà.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá o tún pè. O ní o ti fún Abdulqudus ní ọjọ́ mẹ́ta péré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọlọ́pàá ló máa bá a yanjú rẹ̀, lọ́jọ́ kejì gan-an ara ọkọ̀ sì dá, èyí tó fi hàn pé òun ló ń ṣe é. Mo ní ẹ ṣeun, Olúwa. Mo fi ọ̀rọ̀ náà jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ Wednesday, Diméjì gbé ọ̀rá kan dé, ó ní Abdulqudus ló ní kí òun fún mi. Ìró aláró ni mo bá nínú rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a dáadáa. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀bùn ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí ibi tí mo ti ya á, mo sì rántí ẹnu ọkọ̀ yẹn.

Mo pè é. Ó kí mi bí ó ṣe máa ń kí mi, ó béèrè ewúrẹ́ mi. Nígbà tí mo fúngun mọ́ ọn ni ó tó sọ pé nígbà tí o gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún òun lọ́jọ́ tí o fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta, òun tú àgbọ̀n iwájú láìgba àṣẹ, òun sì bá aṣọ náà níbẹ̀, ó di imú rédíétọ̀ pa. Ó ní òun mọ aṣọ náà, nítorí ìlàjì rẹ̀ ni mo ró lọ́jọ́ tí mo bu iṣu fún òun. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún ọ. Ó ní bí òun bá sọ, ìwọ á bínú sí mi, èmi á sì máa rò ó kú, pé òun náà ní ìyá. Fáànù ni ó sọ fún ọ pé òun tún ṣe. O pè é ní olè lójú rẹ̀, ó ní kí o má bínú. Mo wá béèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó ní àwọn ẹgbẹ́ yín ti kó ọkọ̀ wọn kúrò lọ́dọ̀ òun tán, pé Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí ni òun máa kó irinṣẹ́ òun padà sí Ìlọrin.

Ọmọ mi, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wa. Ó tú àṣírí ẹni tó ń ba ọkọ̀ ọmọ mi jẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe bẹ̀ ẹ́. Mi ò tíì jẹun dáadáa láti Wednesday. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń bi mí bóyá ẹni náà ti jẹ́wọ́, mo ní ó ń bọ̀ wá jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀ ni màá dìde níwájú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Kí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù tó pé, lọ bá a ní Àpó. Kì í ṣe orí fóònù o, ẹsẹ̀ rẹ ni kí o fi lọ. Lẹ́yìn náà, mú un lọ sí pápá yín, kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ, kí o sì sọ ọ́ lójú wọn pé ìyá rẹ ló ṣe é. Má ṣe sọ pé ẹnì kan ló ṣe é, má sì ṣe sọ pé àṣìṣe wáyé. Dárúkọ mi. Ó fi orúkọ tirẹ̀ bò mí láṣírí, a kò lè jẹ́ kí ó rìnhòòhò lọ sí Ìlọrin.

Mo sì ń bẹ̀ ọ́ fún owó. Fi owó ọkọ̀ tí Diméjì yóò fi gbé mi wá ránṣẹ́ kíákíá, fi owó iṣu tí màá gbé lọ́wọ́ fún un kún un. Fi owó òróró ìpara kún un pẹ̀lú, nítorí mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un, orúnkún mi ọ̀tún kì í sì í gbà mọ́ bí mi ò bá kọ́kọ́ fi nǹkan ra á.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí, àwọn ọmọ rẹ yóò ṣìkẹ́ rẹ, wọn kò sì ní fi ìfẹ́ ba ohun tí o fẹ́ràn jẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, àdúrà tí mo ń gbà fún ọ láràárọ̀ ni pé ojú kò ní tì ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Àkànní, jẹ́ kí ojú tì wá, èmi àti ìwọ, nítorí ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi ni ìyá rẹ.